Jacquard: Ahunṣọ tí ó fi Páálí Oníhò Kọ́ Ẹ̀rọ ní Iṣẹ́

Bí obìnrin bá wé gèlè dámáàsìkì lọ sí òde ìnáwó, òdòdó àti ewé tí ń dán lára aṣọ náà ni ojú kọ́kọ́ ń rí. A kò fi ọ̀dà ya òdòdó wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni a kò fi abẹ́rẹ́ kó wọn sí i lẹ́yìn tí a ti hun aṣọ tán. Inú híhun gan-an ni wọ́n ti jáde wá. Ẹ̀rọ tí ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń jẹ́ orúkọ ọkùnrin kan, ọmọ ilẹ̀ Faransé, tí ó ti kú láti ọdún 1834. Orúkọ rẹ̀ ni Joseph Marie Jacquard. Ìtàn rẹ̀ yẹ ní mímọ̀, nítorí pé kì í ṣe àwọn aláṣọ nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ṣe lóore. Ọgbọ́n tí ó mú wọ inú òfì wà lára àwọn ohun tí ó ṣe baba fún ọgbọ́n tí a fi ń pàṣẹ fún ẹ̀rọ tí ń gé irin láti inú kọ̀ǹpútà ní ayé òde òní.

ÌBÍ ÀTI ÌGBÀ ÈWE RẸ̀

Ní ọjọ́ keje oṣù Keje ọdún 1752 ni a bí Jacquard ní ìlú Lyon, ìlú ńlá tí ó wà níbi tí odò Rhône àti odò Saône gbé pàdé. Orúkọ ìdílé rẹ̀ gan-an ni Charles. Ṣùgbọ́n àwọn tí ń jẹ́ Charles pọ̀ ní àdúgbò wọn, a sì fún ẹ̀ka tirẹ̀ ní ìnagijẹ Jacquard kí a lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀ sí àwọn yòókù, gẹ́gẹ́ bí a ti ń ṣe nígbà tí Òjó bá pọ̀ jù ní agbo ilé kan. Nígbẹ̀yìn, ìnagijẹ borí orúkọ.

Jean Charles, bàbá rẹ̀, jẹ́ ọ̀gá nínú iṣẹ́ aṣọ híhun. Ọmọ mẹ́sàn-án ni a bí sí ilé náà, ṣùgbọ́n Joseph àti arábìnrin rẹ̀ kan, Clémence, nìkan ni wọ́n dàgbà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá péré ni Joseph nígbà tí ìyá rẹ̀ kú ní ọdún 1762. A kò fi í sí ilé ìwé. Ó ti di ọmọ ọdún mẹ́tàlá kí ó tó mọ ìwé kà, ọkọ Clémence, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìwé títẹ̀ àti ìwé títà, ni ó sì kọ́ ọ.

Ní ìgbà náà, kò sí ìlú tí ó ta Lyon yọ nínú iṣẹ́ aṣọ sílíìkì ní gbogbo ilẹ̀ Yúróòpù. Àwọn ọba àti àwọn ìjòyè a máa ránṣẹ́ wá ra aṣọ olódòdó níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìrọ̀rùn ni a fi ń hun aṣọ wọ̀nyí. Ẹni tí ó bá ti rí òfì rí mọ̀ pé àwọn òwú kan ni a ta gùn sí orí rẹ̀, òwú mìíràn ni ọ̀kọ̀ ń gbé kọjá láàárín wọn ní ìbú. Bí aṣọ bá jẹ́ aláìlọ́nà, àbọ̀ àwọn òwú gígùn náà ni a ó gbé sókè, àbọ̀ a sì wà nísàlẹ̀, ọ̀kọ̀ a kọjá, a ó sì yí wọn padà. Bí a bá fẹ́ hun òdòdó sí i, ọ̀rọ̀ yí padà. Nígbà kọ̀ọ̀kan tí ọ̀kọ̀ bá ń kọjá, ó ní àwọn òwú pàtó tí ó gbọ́dọ̀ gòkè nínú ọgọ́rọ̀ọ̀rún òwú, àwọn tí yóò sì gòkè nígbà tí ó bá tún kọjá yóò yàtọ̀ sí ti ìṣáájú.

Ọmọdé ni a ń lò fún iṣẹ́ yìí. Ahunṣọ a jókòó sí ìdí òfì, ọmọ kan a sì wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ń fa okùn láti gbé òwú sókè gẹ́gẹ́ bí àwòrán aṣọ náà bá ti béèrè. Okùn náà pọ̀, ó sì wúwo. Láti òwúrọ̀ di alẹ́ ni ọmọ náà yóò máa fà á, bí ó bá sì ṣi okùn kan fà, àléébù ti wọ inú aṣọ olówó iyebíye. Ẹ̀yìn títẹ̀ àti àárẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọmọ wọ̀nyí ń jèrè. Ní àárín irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Jacquard gbé dàgbà.

OGÚN, GBÈSÈ ÀTI OGUN

Ní ọdún 1772, bàbá rẹ̀ kú, ó sì fi ilé, òfì, oko àjàrà àti ibi tí a ti ń wa òkúta sílẹ̀ fún un. Ní oṣù Keje ọdún 1778, ó gbé Claudine Boichon níyàwó, opó kan tí ó ní ohun ìní tirẹ̀. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí ọmọkùnrin kan, tí wọ́n sọ ní Jean Marie.

Ojú àwọn ènìyàn ni pé ọ̀nà ti là fún un. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ lè má mọ òwò. Kò pẹ́ tí gbèsè fi wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ó dé ilé ẹjọ́, ó sì ní láti ta ogún bàbá rẹ̀ láti san ohun tí ó jẹ. Ohun ìní ìyàwó rẹ̀ náà bá ọ̀ràn yìí lọ. Ilé kan tí ó kù sí ọwọ́ Claudine ní ìlú kékeré Oullins, tí kò jìnnà sí Lyon, ni tọkọtaya náà lọ ń gbé. Láti ìgbà náà, ibi tí Jacquard bá ti rí iṣẹ́ ni ó ń ṣe é. Ìtàn sọ pé ó ṣe alágbàṣe nídìí ẹfun sísun, nígbà tí Claudine ń ṣe akẹtẹ̀ láti fi bọ́ ilé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé ni pé ìyípadà ńlá tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1789 kàn wọ́n lára. Ní ọdún 1793, ìlú Lyon kọ̀yìn sí ìjọba tuntun tí ó wà ní Paris, ìjọba sì kó ogun tì í. Jacquard àti ọmọ rẹ̀ wà lára àwọn tí ó gbé ohun ìjà láti gba ìlú wọn sílẹ̀. Nígbà tí ìlú náà fọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún náà, ikú ni ìjọba fi ń san án fún àwọn tí ó bá wọn jà. Bàbá àti ọmọ sá lọ, wọ́n yí orúkọ wọn padà, wọ́n sì wọ inú ẹgbẹ́ ọmọ ogun ìjọba kan náà tí wọ́n ti bá jà, nítorí kò sí ibòmíràn tí ẹni tí a ń wá lè fi ara pamọ́ sí dáradára ju àárín àwọn tí ń wá a lọ.

Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sá fún ní ilé tún pàdé wọn lójú ogun. Níbẹ̀ ni ọta ti ba Jean Marie, ó sì kú ní tòsí bàbá rẹ̀. Àdúrà tí gbogbo òbí ń gbà ni kí Ọlọ́run má jẹ́ kí àwọn fi ojú sunkún ọmọ. Àdúrà náà kò gbà fún Jacquard, ọmọ kan ṣoṣo tí ó ní ni ó sì sọ nù. Nígbà tí ó fi padà sí Lyon, ó ti lé ní ọmọ ogójì ọdún dáradára, kò ní ogún, kò ní owó, kò sì ní àrólé.

BÍ Ẹ̀RỌ NÁÀ ṢE DÉ

Ohun tí ó yani lẹ́nu nínú ìgbésí ayé ọkùnrin yìí ni pé lẹ́yìn gbogbo àdánù yìí ni ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1800, ó gba ìwé àṣẹ lórí òfì kan tí ó ṣe láti dín wàhálà àwọn afàkùn kù. Ní ọdún 1801, wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ onídẹ níbi ìpàtẹ iṣẹ́ ọwọ́ ní Paris. Lẹ́yìn èyí, ó ṣe ẹ̀rọ tí ń hun àwọ̀n ìpẹja. Ẹ̀rọ àwọ̀n yìí ni ó mú kí àwọn aláṣẹ pè é wá sí Paris, tí wọ́n sì fún un ní àyè iṣẹ́ ní ilé ńlá tí ìjọba ń kó àwọn ẹ̀rọ jọ sí, èyí tí a ń pè ní Conservatoire des Arts et Métiers.

Nínú ilé yìí ni ó ti bá òfì kan pàdé tí Jacques de Vaucanson ṣe ní nǹkan bí ọdún 1745. Vaucanson ti kú láti ọdún 1782, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tí kò sí ẹni tí ń lò ó. Kì í sì í ṣe Vaucanson ni ó kọ́kọ́ ronú kan ọ̀ràn náà. Ní ọdún 1725, Basile Bouchon, ará Lyon, ti lo ìwé tí a lu ihò sí láti yan òwú tí yóò gòkè. Ní ọdún 1728, Jean-Baptiste Falcon fi páálí tí a so pọ̀ mọ́ra wọn rọ́pò ìwé náà. Vaucanson ni ó wá gbé gbogbo ohun èlò náà lọ sí òkè òfì, tí ó sì ń gbìyànjú kí ẹ̀rọ náà lè máa ṣe é fúnra rẹ̀ láìsí afàkùn. Iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ní ibi tí ó kù sí. Jacquard wò wọ́n, ó mú páálí lọ́wọ́ Falcon, ó mú ìgbékalẹ̀ lọ́wọ́ Vaucanson, ó fi ohun tí ó mọ̀ láti ìdí òfì bàbá rẹ̀ kún un. Ní ọdún 1804, ẹ̀rọ tuntun ti dúró. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.

Báyìí ni ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ó wà ní òkè òfì bí adé ti ń wà ní orí ọba. Inú rẹ̀ ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìkọ́ irin gbé dúró ní òró, okùn sì so ìkọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ òwú tirẹ̀ nísàlẹ̀. Abẹ́rẹ́ irin kan dábùú, ó sì di ìkọ́ kọ̀ọ̀kan mú. Ní iwájú àwọn abẹ́rẹ́ yìí ni igi onígun mẹ́rin kan wà tí páálí ń yí lé lórí, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Bí ihò bá wà lára páálí níbi tí abẹ́rẹ́ kan kọjú sí, abẹ́rẹ́ náà yóò wọ inú ihò, ìkọ́ rẹ̀ yóò dúró sí àyè rẹ̀, ọ̀pá irin tí ń gòkè yóò sì gbé e lọ sókè pẹ̀lú òwú rẹ̀. Bí kò bá sí ihò, páálí yóò ti abẹ́rẹ́ náà sẹ́yìn, ìkọ́ yóò yẹ̀ kúrò lórí ọ̀pá, òwú rẹ̀ yóò sì wà nísàlẹ̀. Páálí kan ni fún ìrìn ọ̀kọ̀ kan. Nígbà tí ahunṣọ bá fi ẹsẹ̀ tẹ igi ìsàlẹ̀, páálí mìíràn yóò yí dé.

Ihò wà, òwú gòkè. Kò sí ihò, òwú wà nílẹ̀. Gbogbo àṣẹ tí ẹ̀rọ náà nílò kò ju méjì yìí lọ. Bí a bá fẹ́ pààrọ̀ òdòdó aṣọ, a kò ní tú òfì palẹ̀ mọ́. Páálí ni a ó yọ, a ó sì fi òmíràn sí i. A kò sì nílò láti kọ́ òfì mìíràn pátápátá kí a tó lè lo ọgbọ́n yìí, nítorí òfì tí ahunṣọ ti ní nílé ni a lè gbé ẹ̀rọ náà lé lórí. Ènìyàn kan ṣoṣo sì lè dá ṣe ohun tí ó jẹ́ pé ènìyàn méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ń ṣe tẹ́lẹ̀.

OHUN ÌNÍ GBOGBO ÈNÌYÀN

Ní oṣù Kẹrin ọdún 1805, Olú-ọba Napoleon àti ìyàwó rẹ̀, Josephine, wá sí Lyon, wọ́n sì fi ojú ara wọn rí òfì náà. Ìpinnu tí ìjọba ṣe lẹ́yìn èyí ni ó sọ iṣẹ́ Jacquard di ohun tí ó tàn kálẹ̀. Wọn kò jẹ́ kí ó wà lábẹ́ àṣẹ ẹnì kan. Wọ́n sọ ọ́ di ohun ìní ará ìlú, tí ẹnikẹ́ni lè rọ, tí ẹnikẹ́ni sì lè tún ṣe. Gẹ́gẹ́ bí ẹ̀san, Jacquard yóò máa gba 3,000 faranki lọ́dọọdún títí ọjọ́ ikú rẹ̀, yóò sì tún gba 50 faranki lórí òfì kọ̀ọ̀kan tí a bá ṣe láàárín iye ọdún kan tí a là sílẹ̀.

Àǹfààní tí ó wà nínú ìpinnu yìí kò pẹ́ hàn. Ẹ̀rọ tí ó jáde láti ọwọ́ Jacquard ní àléébù, nítorí bí páálí ti ń yí kò dán mọ́rán tó. Nítorí pé ọ̀nà ṣí sílẹ̀ fún ẹlòmíràn láti fọwọ́ kàn án, Jean-Antoine Breton, ọ̀gá nínú iṣẹ́ ẹ̀rọ, tún ibi tí ń yí páálí náà ṣe láàárín ọdún 1815 sí ọdún 1817, láti ìgbà náà ni òfì yìí sì ti ṣe é gbára lé dáradára. Bí a bá ti ti ìlẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ náà ni, ó ṣeé ṣe kí ó kú sí inú ilé bí ti Vaucanson.

Síbẹ̀, kì í ṣe ayọ̀ ni gbogbo Lyon fi gba ẹ̀rọ náà. Àwọn ahunṣọ rí i pé ọmọ tí ń fa okùn kò ní iṣẹ́ mọ́, wọ́n sì bẹ̀rù pé ọjọ́ ń bọ̀ tí àwọn náà yóò di aláìníṣẹ́. Ìtàn tí a sọ láti ìran dé ìran ní ìlú náà ni pé wọ́n fọ́ ọ̀kan nínú òfì yìí, wọ́n sì dáná sun ún ní gbangba, àti pé ẹ̀mí Jacquard fúnra rẹ̀ wà nínú ewu nígbà kan. Kò yẹ kí a fi èyí pe àwọn ènìyàn náà ní òmùgọ̀. Ẹni tí oúnjẹ ọmọ rẹ̀ so mọ́ okùn tí a fẹ́ gé, kò lè ṣàì pariwo. Èyí tí ó dùn Jacquard jù ni pé àárín wọn ni òun náà ti jáde wá, ó sì mọ ebi wọn.

Ọjọ́ ń gorí ọjọ́, òfì náà borí. Nígbà tí ó fi di ọdún 1812, a ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí 11,000 irú rẹ̀ ni ó ti wà ní ilẹ̀ Faransé. Nítorí pé ó ga, àwọn ilé ahunṣọ tí a kọ́ sí orí òkè Croix-Rousse ní Lyon ní láti ní àjà gíga, àwọn ilé náà sì wà níbẹ̀ títí di òní. Iṣẹ́ kò parẹ́, ó pọ̀ sí i. Ṣùgbọ́n òṣì kò kúrò. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1831, àwọn ahunṣọ Lyon dìde, wọ́n sì gba ìlú mọ́ ìjọba lọ́wọ́ fún ìgbà díẹ̀. Kì í ṣe òfì ni wọ́n ń bá jà nígbà náà. Iye owó tí àwọn oníṣòwò ń san lórí aṣọ ni ìjà wọn dá lé. Ẹ̀rọ ti fi ọrọ̀ kún ìlú, ẹni tí yóò pín ọrọ̀ náà bí ó ti yẹ ni kò tíì sí.

ÌGBẸ̀YÌN RẸ̀ ÀTI OHUN TÍ Ó FI SÍLẸ̀

Ní ọdún 1819, ìjọba Faransé fi oyè Légion d'honneur dá Jacquard lọ́lá. Kò di olówó rẹpẹtẹ. Oullins ni ó fẹ̀yìn tì sí, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní ọjọ́ keje oṣù Kẹjọ ọdún 1834, lẹ́ni ọdún méjìlélọ́gọ́rin. Ní ọdún 1840, ìlú Lyon, ìlú kan náà tí a ti fẹ́ lé e kúrò nígbà kan, gbé ère rẹ̀ ró.

Àwọn ahunṣọ fúnra wọn ṣe é lẹ́yẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1839, Michel-Marie Carquillat fi òfì Jacquard hun àwòrán Jacquard sí ara aṣọ sílíìkì, tí ẹni tí ó bá rí i yóò rò pé a tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé ni. Páálí oníhò tí ó tó 24,000 ni a lò láti hun ún. Charles Babbage, onímọ̀ ìṣirò ará Gẹ̀ẹ́sì, ra ọ̀kan nínú àwòrán náà, a sì máa fi í han àlejò. Ó ti rí i pé bí páálí bá lè sọ fún òfì irú òdòdó tí yóò hun, páálí lè sọ fún ẹ̀rọ irú ìṣirò tí yóò ṣe, ó sì fi páálí oníhò sí ara ẹ̀rọ ìṣirò ńlá tí ó gbèrò láti kọ́. Nígbà tí Amẹ́ríkà ń ka iye ènìyàn ní ọdún 1890, páálí oníhò ni Herman Hollerith fi ka àkọsílẹ̀ wọn.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ọgbọ́n náà dé orí irin. Ní Amẹ́ríkà, John T. Parsons ń wá ọ̀nà tí a ó fi gé àwọn ohun èlò ọkọ̀ òfurufú tí ìrísí wọn le koko. Ìjọba nawó sí i, iṣẹ́ náà sì dé ọwọ́ àwọn onímọ̀ ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT. Ní ọdún 1952, wọ́n fi ẹ̀rọ agérin kan han ayé tí ń gba àṣẹ láti ara ìwé gbọọrọ tí a lu ihò sí. Ohun tí Bouchon fi ìwé oníhò ṣe fún òwú ní ọdún 1725 ni wọ́n ń ṣe fún irin.

Ní òde òní, kọ̀ǹpútà ni ó gba ipò ìwé oníhò. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ yí mọ́tò ẹ̀rọ agérin. Ohun kan gbọ́dọ̀ wà láàárín wọn tí yóò gba ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, tí yóò sì sọ ọ́ di agbára iná tí mọ́tò lè gbọ́, gẹ́gẹ́ bí abẹ́rẹ́ àti ìkọ́ ti wà láàárín páálí àti òwú. Pátákó kékeré tí a to èròjà iná mọ̀nàmọ́ná sí ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ní ìlú Ivrea ní ilẹ̀ Ítálì ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọ̀kan tí a ń pè ní Arduino ní ọdún 2005, àwọn tí ó ṣe é sì fi àwòrán iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Ẹni tí ó fẹ́ kí ó darí mọ́tò mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò ní láti sọ ọ́ nù. Pátákó mìíràn ni yóò gbé lé e lórí, ihò àti ẹsẹ̀ wọn yóò sì bá ara wọn mu. Bí ẹlòmíràn bá tún fẹ́ kí ẹ̀rọ rẹ̀ mọ ibi tí irin parí sí kí ó má baà kọjá ààlà, yóò fi ìyẹn náà kún un, yóò sì fi àwòrán tirẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Jacquard gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lé orí òfì tí ó ti wà nílẹ̀, tí Breton sì wá tún ti Jacquard ṣe. Ọkùnrin tí ó sọ ọmọ kan ṣoṣo nù, tí ó jẹ ogún bàbá rẹ̀ tán, kò ní ẹni tí yóò jogún rẹ̀ nínú ilé. Ṣùgbọ́n nítorí pé a kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, gbogbo ẹni tí ó bá ní òfì ni ó di àrólé rẹ̀.